Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ìwé-ẹ̀rí ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yunifásítì òkè òkun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti ìdánwò pa mọ́ mi lójú, wọ́n ní kí n san dọ́là. Dátà sì ń jẹ mí lówó. Ṣé jìbìtì ni?
Ìyá Ìbejì, Kubwa, Àbújá

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrójú, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe jìbìtì. Ó jọ pé “audit” lẹ fi wọlé. Audit ń jẹ́ kéèyàn wo fídíò kó sì kàwé, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà máàkì iṣẹ́ ẹni, kò sì ní ìwé-ẹ̀rí. Ó tún máa ń ní ọjọ́ tí yóò tì. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìmọ̀ nìkan lẹ ń wá, MIT OpenCourseWare, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, la fara mọ́ jù. Ẹ kò ní forúkọ sílẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀, kò sì ní tì mọ́ yín lójú. Wọn kì í fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ṣá. Ẹ wá ẹ̀kọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6.0001 níbẹ̀: Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, fídíò 12.

Bó bá jẹ́ ìwé-ẹ̀rí lẹ fẹ́, ẹ ṣe CS50x, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard, ṣùgbọ́n orí cs50.harvard.edu gan-an ni kí ẹ lọ. Ìwé-ẹ̀rí ti edX, ìkànnì mìíràn tí ẹ̀kọ́ náà wà, lówó nínú. Ti cs50.harvard.edu yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó ṣí àkáǹtì ní GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí, ẹ ó fi gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá àti iṣẹ́ ìparí ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: wọ́n á wo fídíò tán, wọn ò ní ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún sì le lóòótọ́. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Mario, ẹ ó fi àmì # to òkìtì bí àtẹ̀gùn. Bí àlàfo kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn # tó gbẹ̀yìn ìlà, check50 tó ń yẹ iṣẹ́ wò lè kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ gún régé lójú yín. Ẹ má bínú fi í sílẹ̀. Ẹ ka àlàfo náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti dátà: fídíò wákàtí kan ní 360p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ń jẹ nǹkan bíi 300 MB; 720p, tó mọ́ jù ú lọ, lè ju 1 GB lọ. 360p tó láti ka ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Ẹ fi dátà òru wa fídíò sílẹ̀ (download), kí ẹ wò ó lójú mọmọ. Bí ẹ bá tẹ “Download course” ní OpenCourseWare, ìwé àti iṣẹ́ ni yóò wọlé, fídíò kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ lẹ ó wa ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ NYSC?
Ọmọ Ọ̀fà, Minna

ÌDÁHÙN: Rárá o. Dìgírì tàbí HND ni NYSC ń gbà. Bó bá jẹ́ dìgírì lo fẹ́ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, NOUN (National Open University of Nigeria), tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi, Àbújá, ni kó o wádìí. Owó wà níbẹ̀ o. Àmọ́ ìwé ẹ̀kọ́ wọn, tó wà ní PDF lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni, kódà fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wa ọ̀kan, kó o kà á kó o tó san owó fọ́ọ̀mù.