Bí ẹ ṣe lè to ẹ̀kọ́ ọmọ méjì sórí fóònù tí kò fi ní dàrú kí tààmù tó dé ìdajì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá wọn la ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ní Ìbàdàn. Àbúrò wà ní Basic 2, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Basic 5. Nígbà tí tààmù tó kọjá bẹ̀rẹ̀, mo kọ gbogbo ohun tí a máa ṣe sórí kàlẹ́ńdà fóònù mi, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé ìparí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ibà ti dá àbúrò dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, iná lọ, gbogbo ètò sì dojú rú. Mo ń wá app tí mo máa sanwó fún báyìí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kì í ṣe app ló da ètò yín rú, ọjọ́ tí ẹ so mọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọjọ́ Túsìdeè, 14 October, lẹ máa kọ́ ìdá (fraction), tí ọjọ́ yẹn bá sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ìdá náà bá a lọ nìyẹn, gbogbo èyí tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lẹ ó sì máa fọwọ́ sún lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ni kí ẹ fún ẹ̀kọ́. Ọjọ́ á dúró de ìgbà tí ẹ bá kọ́ ọ tán.

Google Sheets, app tí a fi ń ṣe tábìlì onílà àti òpó, tó fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ wá ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Ìwé tí ẹ rà lọ́jà kọ́ ni kọ̀ríkúlọ́mù. Kọ̀ríkúlọ́mù tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, ṣe ló sọ ohun tí ọmọ Basic 5 gbọ́dọ̀ mọ̀, síkíìmù sì ló pín in sí tààmù mẹ́ta, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ tọrọ síkíìmù kíláàsì méjèèjì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò, kí ẹ sì béèrè bóyá èyí tí wọ́n ń lò lọ́dún yìí gan-an ni. Ìwé ọjà a máa fo kókó mìíràn, a sì máa kó ti kíláàsì tó ń bọ̀ wọlé.

Ẹ wá ṣírò àyè tí ẹ ní. Ká ní tààmù yín jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ yọ ọ̀kan fún ìsinmi àárín, ọ̀kan fún àtúnyẹ̀wò, ọ̀kan fún ìdánwò. Ó ku 10. Bí ẹ bá ń ṣe Ìṣirò láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, àyè 40 lẹ ní. Ẹ má kọ ju ẹ̀kọ́ 34 lọ síbẹ̀. Àyè mẹ́fà tó ṣẹ́ kù ni ti ibà, ti àlejò, ti òjò tó ya wọlé. Ẹni tó bá kún gbogbo 40 náà ti jẹ gbèsè kí tààmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Fúráìdè sílẹ̀ pátápátá fún èyí tí kò yé ọmọ dáadáa.

Nínú Google Sheets, ẹ ṣí ojú ewé kan fún iṣẹ́ kan àti ọmọ kan, bíi B5-ISIRO. Òpó (column) A jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀kọ́. B jẹ́ kókó. C, ohun tí ọmọ máa lè ṣe fúnra rẹ̀ tí ẹ bá parí. D, ojú ìwé. E, ohun èlò. F, àpótí ìfàmìsí, tí ẹ máa rí lábẹ́ Insert, Checkbox lórí kọ̀ǹpútà. G, ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. H, máàkì láti 1 (kò yé e) dé 3 (ó yé e dáadáa). Òpó C ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. "Ìdá" kì í ṣe ohun tí ọmọ lè ṣe. "Yóò ro ìdá méjì tí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ pọ̀, yóò gba mẹ́rin nínú márùn-ún" ni ẹ lè fi mọ̀ bóyá ẹ ti débẹ̀.

Nínú kàlẹ́ńdà, ẹ kọ aago 9 sí Ìṣirò, kó máa tún ara rẹ̀ ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má kọ kókó kankan síbẹ̀. Tí fóònù bá dún, ẹ ṣí ojú ewé náà: ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kò tíì fàmì sí ni iṣẹ́ òní. Bí ibà bá gba ọjọ́ mẹ́rin, ìlà yẹn ṣì ń dúró dè yín níbi tí ẹ fi í sí, kò sí ohun tí ẹ máa sún.

Ẹ tẹ =COUNTIF(F2:F60,TRUE) sí àpótí K1, á máa sọ iye ẹ̀kọ́ tí ẹ ti parí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó yẹ kó máa tó 17. Tó bá jẹ́ 12, ẹ má sáré kọ́ méjì lóòjọ́, torí ọmọ kì í gbé e dúró. Ẹ so ẹ̀kọ́ tó jọra pọ̀, tàbí kí ẹ lo Fúráìdè méjì sí mẹ́ta. Tí máàkì bá jẹ́ 1, ẹ fàmì sí i bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Fúráìdè, kí ẹ tó wá yí máàkì padà. Àṣìṣe kan wà tó máa ń pa ọ̀pọ̀ lára níbí: tí Sheets bá wà ní ìlànà Amẹ́ríkà, tí ẹ bá tẹ 3/9, March 9 ló máa kà á sí, kì í ṣe September 3. Ẹ lọ sí File, Settings, Locale lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ mú United Kingdom kí ẹ tó tẹ ọjọ́ kankan.

Nóòtì gígùn tí tíṣà ń kọ fún ọ̀gá àgbà kò pọn dandan nílé. Ìlà márùn-ún tó. Ẹ wo ẹ̀kọ́ 14 ti Basic 5, ríro 1/2 mọ́ 1/3. Ohun tó ti mọ̀: ìdá tó dọ́gba. Ohun èlò: bébà méjì, gígùn wọn dọ́gba. Ìgbésẹ̀: kó ká bébà kìíní sí méjì, kó kun apá kan; kó ká èkejì sí mẹ́ta, kó kun apá kan; lẹ́yìn náà kó ká méjèèjì títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi di ẹyọ mẹ́fà. Á rí i pé 1/2 ti di 3/6, 1/3 ti di 2/6, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 5/6. Ìdánwò: ìbéèrè márùn-ún. Ibi tó ti lè ṣì í: ọmọ á kọ 2/5. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má kàn fàlà sí i. Ẹ ní kó gbé 2/5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì bébà. Á rí i pé 2/5 kéré sí ìdajì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó tún fi nǹkan kún un. Ìlà karùn-ún yìí ṣeyebíye ju mẹ́rin tó kù lọ, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa wò nínú ìwé ọmọ.

Ọmọ méjì kò sọ pé kí ẹ ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀: ìṣẹ́jú 25 fún àbúrò nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń kàwé, lẹ́yìn náà 40 fún ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò ń kọ̀wé tàbí tó ń yàwòrán. Sáyẹ́ǹsì àti Yorùbá, ẹ kó wọn pọ̀. Ẹ gbin ẹ̀wà sínú ife kan: àbúrò á dárúkọ gbòǹgbò, igi àti ewé, ẹ̀gbọ́n á wọn gíga rẹ̀ lójoojúmọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè fi Quantitative àti Verbal Reasoning kún un bí ẹ bá ń wo Common Entrance fún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ méjì lọ́sẹ̀ nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní orúkọ bíi B5-ISIRO-T1-09: T1 ni tààmù kìíní, 09 ni nọ́ńbà ẹ̀kọ́. 09 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 9 lásán, torí ọ̀pọ̀ fóònù á to 10 ṣáájú 9. Inú Google Drive ni kó wà. WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́. Bí fóònù bá bàjẹ́, fọ́tò lè bá a lọ. Àyè ọ̀fẹ́ 15 GB ni, Gmail àti Google Photos sì ń jẹ nínú rẹ̀, torí náà ẹ má tọ́jú fídíò síbẹ̀. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 fi dandan lé òbí lọ́rùn pé kí ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Àkọsílẹ̀ yìí lẹ máa fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, tàbí bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní ti iná àti dátà: nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, ẹ mú Make available offline, lórí fóònù tiyín àti ti bàbá wọn. Ẹ pín òpó láàárín ara yín: bí ẹ̀yin méjèèjì bá kọ nǹkan sí àpótí kan náà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀kan á pa èkejì rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ẹ da ìlà márùn-ún tó kàn nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí.