Oníbàárà Ìyá Ìkókó

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni mí ní báńkì kan n'Íbàdàn. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ bímọ ní Oṣù Kẹwàá, ó ní kí n bá òun mójú tó oníbàárà òun, Alhaja kan tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà. Ọ̀gá wá ní kí n gba àkáǹtì Alhaja sórúkọ mi, kó di oníbàárà tèmi, kí wọ́n tó máàkì iṣẹ́ wa l'Óṣù Kejìlá, pé tí n kò bá gbà á, ẹlòmíràn á gbà á. Mo ti sọ fún Alhaja pé èmi ni wọn yóò máa rí báyìí. Ṣé aláàánú lè rí ìgbéga nídìí iṣẹ́ yìí? Mi ò rí oorun sùn."

Àbúrò mi, ìbéèrè tí o bi mí kọ́ ló gba oorun lójú rẹ. "Èmi lẹ ó máa rí báyìí": gbólóhùn yẹn ni. Kì í ṣe irọ́, àbí? Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí Alhaja gbọ́. Ó gbọ́ pé ìyá ìkókó ti lọ, kò bọ̀ mọ́, o sì jẹ́ kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́la, lọ bá a níbi tó ti ń ka owó lórí àpò ẹ̀wà, kí o ní: "Mà, ìyá ìkókó ń bọ̀ l'Óṣù Kìíní, mo kàn ń bá a dúró ni." Má ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Àwọn oníṣòwò Bódìjà ti gbọ́ àlàyé tó ju tìrẹ lọ.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá pín oníbàárà rẹ̀ kó tó dé, orí òdo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn iye owó tí báńkì ní kó kó wọlé, tòun tọmọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ náà ní ọ̀gá tó ń lé e. Ìyẹn ò sọ àkáǹtì náà di tìrẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o káwọ́ gbera o. O kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, bí ẹni tó ń tijú, pé Alhaja mú àbúrò rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ wá, o sì ṣí àkáǹtì fún un. Tìrẹ nìyẹn, gbangba! Lẹ́yìn náà, wo iye tó wà nínú àkáǹtì Alhaja lọ́jọ́ tí wọ́n fà á lé ọ lọ́wọ́, àti iye tó wà níbẹ̀ lónìí. Kọ̀wé sí ọ̀gá, lórí ímeèlì, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà, pé kí wọ́n ka àlékún yẹn mọ́ iṣẹ́ rẹ, kí àkáǹtì fúnra rẹ̀ wà lórúkọ ẹni tó ni í. Kí o tó fi ránṣẹ́, pe ìyá ìkókó. Kò dára kó jẹ́ ibi tó ti ń fọ́mọ lọ́mú ni yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ti ìgbéga, mo mọ aláàánú tó rí i, mo mọ èyí tí kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìkà.

Ọ̀gá lè kọ̀, kó gbé Alhaja fún ẹlòmíràn lóòótọ́, kí máàkì rẹ sì dín kù. Mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n Oṣù Kejìlá ò tíì parí, àbúrò Alhaja nìkan kọ́ ló sì ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Ní kó mú ọ lọ bá àwọn tó kù.