Wọ́n ní kí n yọ àmì ohùn kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀. Mo túmọ̀ ìwé ìlera kan, mo fi gbogbo àmì sí i, oníbàárà wá dá a padà pé àmì ti fọ́n káàkiri, pé àpótí òfìfo ló ń jáde níbòmíì, kí n yáa yọ gbogbo ẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má yọ ọ́ o! Ìwé ìlera kì í ṣe nǹkan téèyàn ń méfò kà. Fọ́ńtì wọn, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà wọn fi ń kọ̀wé, ló ń dààmú wọn, iṣẹ́ ẹ kọ́. Wò ó, lẹ́tà ẹ àti ọ tó bá ní àmì ohùn lórí, Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù nínú kọ̀ǹpútà, ò fún un ní kóòdù ẹyọ kan, lẹ́tà lọ́tọ̀ àmì lọ́tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó wọn, fọ́ńtì ló máa tò wọ́n pọ̀, èyí tí ò bá wá mọ̀ ọ́n tò, àmì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí. Ní kí wọ́n lo fọ́ńtì Noto Sans tàbí Charis SIL, kó o sì fi PDF ti Word lẹ́yìn kí wọ́n lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Láti 1875 tí wọ́n ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ká ṣì máa bẹ̀bẹ̀ fún àmì, ó ń dùn mí gan-an ni.

Níjọ́ mìíì, kó o tó gbaṣẹ́, bi wọ́n léèrè fọ́ńtì tí wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, kó o sì sọ fún wọn pé wàá tún un kà lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn.