Àrán ìyá àgbà ti wà nínú àpótí tipẹ́: ṣé kí n fọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Aránṣọ. Ìyá tó bí màmá mi fi ìró àti bùbá àrán elésè àlùkò sílẹ̀ fún mi. Ojú ibi tí wọ́n ká a sí ti di ìlà, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn káńfọ̀. Mo fẹ́ fi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, kí n wá lọ̀ ọ́? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù fojú kàn án. Irun wẹ́wẹ́ tó dúró lójú àrán ni ẹwà rẹ̀. Tí áyọ́ọ̀nù bá ti tẹ̀ ẹ́, ó sùn nìyẹn, ibẹ̀ á sì máa dán gbinrin. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo lọ àrán oníbàárà kan bí ẹni ń lọ àǹkárá. Ojú áyọ́ọ̀nù yẹn kò kúrò lára aṣọ náà mọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi hun ún. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú ìṣẹ́tí, ẹ mú ti irun àti ti ìdí aṣọ, torí wọ́n lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin. Tó bá ń rùn bí irun tó jóná, sílíìkì ni. Tó bá ń rùn bíi bébà tó ń jó, òwú tàbí réyọ̀nù ni. Tó bá yọ́, tó wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀, pọ́lísítà ni. Omi máa ń fi àbàwọ́n sára sílíìkì, réyọ̀nù kì í sì lágbára mọ́ tó bá ti tutù. Tí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, alágbàfọ̀ tó mọwọ́ àrán ni kẹ́ ẹ gbé e fún.

Ní ti òórùn káńfọ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mélòó kan. Oòrùn á jẹ àwọ̀ rẹ̀.

Ìlà yẹn ló gba sùúrù. Ẹ gbé aṣọ kọ́ sínú balùwẹ̀, ẹ gbé korobá omi gbígbóná sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn bíi ìṣẹ́jú 20. Oru omi náà ni yóò gbé irun rẹ̀ dìde. Ẹ má jẹ́ kí omi kán sí i. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ, torí ojú ìka á hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fàtẹ́lẹ́wọ́ rà á lójú: ibi tó ti ń yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ ni irun rẹ̀ kọjú sí, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a sí. Ibi tí irun ti re, oru omi ò lè dá a padà. Tó bá jẹ́ tèmi ni, màá fi ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà ló ká a.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ wọ ẹ̀wù òwú fẹ́lẹ́ sábẹ́ bùbá nítorí òógùn. Ẹ fín lọ́fínńdà sára, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wọṣọ. Ẹ má gbé báàgì kọ́ èjìká.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má ká a padà sínú àpótí. Ẹ tọrọ páálí gbọọrọ tí wọ́n ń wé aṣọ mọ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣọ Gbági, ẹ fi aṣọ funfun bò ó, kẹ́ ẹ wé ìró náà mọ́ ọn, kí irun kọjú síta. Ẹ fi aṣọ wé hángà kẹ́ ẹ tó gbé bùbá kọ́ ọ. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó, pàápàá lójò, kó má baà hu.