Ọ̀gá lábù ò jẹ́ kí n rí oorun sùn, ṣé èmi ni mi ò lágbára tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ti gba PhD, iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe ní yunifásítì báyìí lórí kọ́ńtráàkì ọlọ́dún méjì tó máa tó tán. Ọ̀gá tó ni lábù wa máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́, á sì fẹ́ rí èsì kílẹ̀ tó mọ́, ọjọ́ Sunday náà ò yàtọ̀. Pépà, ìyẹn àpilẹ̀kọ ìwádìí, tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n fi síwájú. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Wọ́n ní kí n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì ṣe lórí béèyàn ṣe ń fara da wàhálà. Ṣé èmi ni mi ò lágbára tó ni? Àbúrò yín tó ti rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò wa, ọ̀rọ̀ agbára kọ́ lèyí. Lọ́dún 2020, àjọ Wellcome, tó ń fowó ti ìwádìí lẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi àwọn olùwádìí tó lé ní 4,000 léèrè nípa ibi iṣẹ́ wọn, nínú 100 wọn, 78 ló sọ pé ìdíje tó pọ̀ jù ti sọ ibẹ̀ di ibi ìkanra, 43 ló sì ní wọ́n ti fòòró àwọn fúnra àwọn rí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ò burú, lọ tó o bá ráyè, ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi tí yunifásítì bá ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa ru ẹrù tó wúwo jù dípò kí wọ́n bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tí wàhálà yìí ti ń wá ni pé iye pépà tí èèyàn gbé jáde ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀. Ọ̀gá tó ń fayé ni àwọn ọmọ lábù ẹ̀ lára, tó bá sáà ti ń gbé pépà jáde nínú jọ́nà ńláńlá, ìyẹn àwọn ìwé tó ń tẹ pépà ìwádìí jáde, tó sì ń rí owó ìwádìí gbà, wọ́n á gbé e ga, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ dà, ṣé wọ́n ṣì wà nídìí ẹ̀ àbí wọ́n ti sá lọ. Àdéhùn DORA, tó dá lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí, tí wọ́n kọ lọ́dún 2012, ti ní kí wọ́n yé fi impact factor jọ́nà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn olùwádìí míì ṣe ń tọ́ka sí pépà inú ẹ̀ tó ní ìpíndọ́gba, díwọ̀n èèyàn tí wọ́n bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ tàbí gbé e ga. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló fọwọ́ sí i, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ìfọwọ́sí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbéga ń ṣe tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn. Lójú tèmi, kí wọ́n tó fi ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ó yẹ kí wọ́n bi àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ lóhun tójú wọn rí.

Ó kan tìẹ wàyí. Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ló kọ́kọ́, lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de ìgbà tíṣẹ́ bá dínkù. Ní ti ímeèlì, bi ọ̀gá yín ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, pé ìgbà wo ni wọ́n ń retí èsì, torí àwọn míì wà tó jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń ráyè kọ̀wé, wọn ò mọ̀ pé ẹni tó gbà á ò ní lè sùn. Tí wọ́n bá ní alẹ́ náà ni àwọn fẹ́ ẹ, ó ti yé ẹ nìyẹn.

Ti pépà, kó ìwé lábù ẹ àti ímeèlì tó ní déètì jọ. Ètò kan wà tó ń jẹ́ CRediT, ipa 14 ló pín iṣẹ́ ìwádìí sí, ẹni tó ronú ẹ̀, ẹni tó kó dátà jọ, ẹni tó ṣe ìṣirò, ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló sì ń béèrè fún un. Fi kọ ohun tó o ṣe sílẹ̀, kó o mú un lọ bá ọ̀gá yín, tí wọn ò bá gbọ́, mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rí sí òdodo ìwádìí ní yunifásítì yín tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, má dá lọ o, mú ẹni tó o fọkàn tán dání. Pépà tó ń bọ̀, kí ẹ ti fẹnu kò lórí ètò orúkọ, kó sì wà lákọsílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dátà.

Kọ́ńtráàkì yẹn ńkọ́? Kọ̀wé béèrè báyìí bóyá wọ́n máa tún un ṣe, kó o sì ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó o máa gbọ́ èsì. Tí wọn ò bá dáhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sáwọn ibòmíì.