Èsì: Fìríìjì ilé dípò onígáàsì nínú bọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́, Alfa. Ẹ béèrè bóyá fìríìjì ilé lè rọ́pò fìríìjì onígáàsì inú bọ́ọ̀sì tí ẹ ń gbé ná Ìlọrin sí Ọ̀fà: ó ṣe é ṣe. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: fìríìjì tó ń jẹ 1 kWh (ìwọ̀n iná tí nǹkan jẹ) lójúmọ́ yóò fa nǹkan bí 100 Ah (ìwọ̀n iná inú bátìrì) lára bátìrì 12 V, nítorí ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé) náà ń jẹ tirẹ̀. Bátìrì olómi tí a bá ń fà kọjá ìdajì kì í pẹ́ kú, torí náà méjì oní-200 Ah ni mo fara mọ́. Ínfátà pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ dà bíi ti ilé gan-an) 1000 W ni kí ẹ rà, torí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fìríìjì tutù, máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń gbéra. Bí ẹ bá ti yọ fìríìjì onígáàsì kúrò, ẹ dí ẹnu páìpù gáàsì rẹ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ọṣẹ náà bá ń hó, gáàsì ń jò. Ẹ fi ìkọ́ sí ilẹ̀kùn fìríìjì náà, kí kòtò ojú ọ̀nà má baà ṣí i.