Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Pààrọ̀ Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Ẹ sọ pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ orí òkè yín kò tíì já, kò dógùn-ún, jíà rẹ̀ sì ṣì ń bọ́ sí ipò dáadáa, àmọ́ ẹnì kan ní ó ti nà, pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni náà, nítorí pé ṣéènì tó ti jẹ kì í pariwo. Èmi dúró de ìgbà tí tèmi máa já, mo sì fi owó ra ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ nínà yẹn kàn jẹ́ àṣà ẹnu ni. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì kì í nà bí rọ́bà. Oríkèé ni ó ń jẹ, níbi tí píìnì ti ń yí nínú ihò rẹ̀. Bí iyanrìn bá bá ọ́ìlì wọlé síbẹ̀, àwọn méjèèjì á di ọlọ tí ń lọ irin ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì. Láti píìnì kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7, ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n sì fi gé eyín irin tó wà lẹ́yìn. Bí oríkèé kọ̀ọ̀kan bá wá fi ohun tí ojú kò lè rí gùn sí i, ṣéènì kò ní jókòó sí ìdí eyín mọ́. Yóò máa gun eyín náà lọ sókè, yóò sì máa fá a jẹ títí òun náà yóò fi bá a gbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Mo lo ṣéènì kan fún ohun tó lé ní ọdún méjì nínú ẹrẹ̀ àti eruku, mò ń ta ọ́ìlì tuntun lé ìdọ̀tí àtijọ́, inú mi sì ń dùn pé ó lálòpẹ́. Nígbà tí mo wá ra tuntun, alẹ́ ni mo fi sí i. Mo gbé táyà ẹ̀yìn sókè, mo fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì, kò sí ariwo kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dé òkè tó kọ́kọ́ ga, mo dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ṣéènì sì fò lórí eyín, gbà! Ẹsẹ̀ mi já sísàlẹ̀ lófìfo, orúnkún mi sì lọ gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Jíà méjì péré ni ó ń fò, àwọn méjì tí mo fẹ́ràn láti máa lò jù lọ. Ìyókù ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Eyín jíà méjèèjì yẹn ti bá ṣéènì àtijọ́ gbó pọ̀, wọn kò sì gba àlejò. Mo pààrọ̀ gbogbo irin eléyín ẹ̀yìn, mo sì pààrọ̀ ti iwájú, èyí tí eyín rẹ̀ ti mú ṣóńṣó, tó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Owó tí mo ná lọ́jọ́ yẹn ju owó ṣéènì mẹ́ta lọ dáadáa.

Nítorí náà, ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ má sì ka kìlómítà, torí pé ẹrẹ̀ lè pa ṣéènì kíákíá ju bí ojú ọ̀nà gbígbẹ ṣe lè pa á lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ pẹ́dàlì díẹ̀ kí apá òkè ṣéènì lè fà le, ẹ fi òdo rúlà sí àárín píìnì kan, kí ẹ sì wo ibi tí ínṣì 12 bọ́ sí. Lórí ṣéènì tuntun, àárín píìnì mìíràn gẹ́lẹ́ ni. Bí píìnì bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì kọjá àmì náà, ó ti jẹ tó nǹkan bí ìpín 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti tó ìpín 1. Bí iye jíà ẹ̀yìn yín bá jẹ́ 11 tàbí 12, ẹ pààrọ̀ ṣéènì ní ìpín 0.5, bí ó bá jẹ́ 9 tàbí 10, ẹ lè lo ṣéènì dé 0.75, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ju jíà kan lọ lè fara dà á dé 1. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé kì í jẹ dọ́gba. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún wíwọn ṣéènì yára ju rúlà lọ, mo sì ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn máa ń ka bí rólà, irin róbótó tó ń yí lára píìnì, ṣe ń mì mọ́ ọn, wọn á sì ní ṣéènì ti gbó nígbà tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Bí òun àti rúlà bá ta ko ara wọn, rúlà ni mo máa ń gbà gbọ́.

Bí tiyín bá ti kọjá 1, ìmọ̀ràn mi lè yà yín lẹ́nu: ẹ má kánjú ra ṣéènì nìkan. Ẹ máa lò ó lọ pẹ̀lú irin eléyín tí wọ́n ti jọ gbó, títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí ẹ wá pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń gé tuntun, ẹ ka iye oríkèé rẹ̀. Ẹ má kàn gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí ẹ sì gé e bá a mu. Ṣéènì tó ti jẹ dé 1 lè fi ohun tó ju oríkèé kan lọ gùn ju tuntun lọ, ẹ ó sì ṣi tuntun gé. Ṣùgbọ́n bí píìnì bá ṣì wà lórí 12 gẹ́lẹ́, ẹ fi àkísà nu ṣéènì náà mọ́, ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lóṣù tó ń bọ̀.